Sójà Méjì Inú Fọ́tò Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣe sùúrù kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní oṣù kìíní ọdún yìí, láàárín Ìkìrun, Òkukù àti Ìnísà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, mo ti gbàṣẹ!

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí ìyá mi. Ìkìrun ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni ilé ọkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìnísà ni ilé bàbá wọn. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn kò sì rí bàbá wọn rí láyé. Wọ́n ṣì wà nínú oyún nígbà tí bàbá náà wọṣẹ́ sójà, tí ìjọba òyìnbó kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orí òkun lọ sí ogun Bọ́mà. Kò padà wálé. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ohun kan ṣoṣo tó kù nípa rẹ̀ ni fọ́tò kan tó wà lára ògiri pálọ̀ Ìyá Àgbà. Sójà méjì ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀. Wọ́n wọ káàkì, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún. Ìbejì ni wọ́n. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn náà fún wa: Táyé àti Kẹ́hìndé jọ lọ sógun, àwọn méjèèjì kò sì dé. Táyé kò bímọ kó tó lọ. Kẹ́hìndé ló bí Ìyá Àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo wàhálà yìí dá lé lórí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ayé máa ń fi ojú ọmọ rí, tí wọ́n bá bí i lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti lọ? Nígbà tí Ìyá Àgbà wà lọ́mọdé ní Ìnísà, tí wọ́n bá ti bá ọmọ ilé jà, ohun tí onítọ̀hún máa kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ta ló rí bàbá ẹ. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn àgbàlagbà kan tiẹ̀ máa ń ka oṣù lórí ìka lójú wọn, láti wò ó bóyá oyún náà ti wà kí bàbá náà tó lọ. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ohùn wọn ṣì máa ń yí padà tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Ẹ wá wo bí inú wọn ṣe dùn tó, nígbà tí Bàbá Alàgbà ní àwọn fẹ́ gbé òkúta ìrántí kan síwájú ilé ẹbí wa ní Ìnísà! Bàbá Alàgbà ni olórí ẹbí, wọ́n sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Àbúrò àwọn ìbejì yẹn ló bí wọn, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni àwọn àti Ìyá Àgbà. Ètò náà ni pé lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo ìlú máa ń rántí àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ṣí aṣọ lójú òkúta náà. Orúkọ sójà méjèèjì ni yóò wà lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní kí gbogbo ayé wá. Wọ́n ní, “Wọ́n á kọ orúkọ bàbá mi sára òkúta. Ẹni tó bá tún fẹ́ ka oṣù, kó lọ máa kà á níwájú òkúta!”

Bàbá Alàgbà fẹ́ kí fọ́tò náà wà nínú ìwé ètò ìsìn. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí wọ́n ní mo mọ kọ̀ǹpútà.

Mo yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù, mo yà á, mo sì sọ ọ́ di ńlá lórí kọ̀ǹpútà kí n lè nu àwọn àbàwọ́n ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bọ́tìnnì kan. Ó ń jábọ̀ díẹ̀ lára ẹ̀wù sójà tó wà lápá ọ̀tún. Mo wo ti apá òsì. Bọ́tìnnì kan náà, ní ojú ibi kan náà, òun náà ń jábọ̀.

Mo ní bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo wo ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù. Bí aṣọ ṣe ká jọ lára èkíní ló ká jọ lára ìkejì, kò fi nǹkan kan yàtọ̀. Ó dáa, ìbejì lè jọra bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣé aṣọ náà máa ń bí ìbejì ni? Mo tún wo àárín fọ́tò náà, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ àga kan sì gé síbẹ̀ láìdé ilẹ̀. Mo wá gbé àwòrán èkíní lé ìkejì lórí. Wọ́n bá ara wọn mu pátápátá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!

N kò fẹ́ sáré parí èrò. Ó lè jẹ́ pé sójà méjì ló lọ yàwòrán lóòótọ́, tí ti ẹnì kan bàjẹ́, tí ayafọ́tò fi ti ìkejì dí i. Ó sì lè jẹ́ pé sójà kan ṣoṣo ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní ohun tí mo fi lè mọ èyí tó jóòótọ́. Mo fi han Àǹkú Gbàdé, àbúrò ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àbí n kò mọ àwọn ni?

Mo mọ̀ wọ́n. Ó sì yẹ kí n ti rò ó. Kí n tó bu omi mu tán, wọ́n ti gbé e sí gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù: “Kàyéfì o! Sójà wa méjì ti di ẹyọ kan!” Wọ́n tún fi ojú ẹ̀rín rẹpẹtẹ tì í.

Kò pẹ́ tí Aǹtí Yẹ́misí fi dáhùn láti Ìnísà. Ọmọ Bàbá Alàgbà ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Wọ́n kọ ọ́ pé láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní kékeré, tí ìyá wọn bá wá fẹ́ yàwòrán èyí tó kù, wọ́n máa ń tẹ èyí tó wà láàyè náà lẹ́ẹ̀mejì kí òkú má bàa wà lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa ti kú kó tó dàgbà. Wọ́n ní Bàbá Alàgbà sì ti máa ń sọ pé Táyé ni orúkọ tí àwọn ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àwọn ìbejì títí ìyá náà fi kú, àwọn kò gbọ́ Kẹ́hìndé. Táyé ni sójà nìyẹn. Ta wá ni Kẹ́hìndé?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: “Ṣé ọmọ ọwọ́ tó ti kú ló bí Màmá Ìkìrun ni?”

Àwọn tó máa ń fi “Àmín” ránṣẹ́ sí gbogbo nǹkan, kò sẹ́ni tó lè ṣe àmín.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Alàgbà fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti dá oníṣẹ́ òkúta dúró. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ irọ́ sára òkúta, kí àwọn sì pe àwọn èèyàn Ọlọ́run wá wò ó. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí pàdé ní Ìnísà lọ́jọ́ Ẹtì.

Àǹkú Gbàdé ló sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó lanu. Mo rò pé Ìyá Àgbà máa pariwo. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbé fọ́tò náà sórí itan, wọ́n ń fi àtàńpàkò nu gíláàsì tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Gbàdé, o ti bá wọn ka oṣù.”

 

Ìyá Àgbà wá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó fojú rí bàbá àwọn, Ìyá Òkukù ni. Òkukù ni ìlú ìyá tó bí àwọn ìbejì, ọmọ àbúrò ìyá yẹn sì ni Ìyá Òkukù. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì náà, ká tó yà sí Ìnísà. Wọ́n ní tí wọ́n bá yọ orúkọ Kẹ́hìndé kúrò, àwọn kò ní tẹ Ìnísà mọ́ láyé àwọn, kí wọ́n má sì gbé òkú àwọn gba ibẹ̀ kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àǹkú Gbàdé wa ọkọ̀ wọn, Ìyá Àgbà jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú fọ́tò lórí itan mi. A gba Ìnísà kọjá. Ìyá Àgbà kò yí ọrùn síbi tí ilé bàbá wọn wà.

A bá Ìyá Òkukù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ, etí wọn sì mú.

“Ta ló ń kí mi bí ẹni tó jẹun yó yẹn?”

Ìyá Àgbà ní, “Èmi ni o, ọmọ Kẹ́hìndé Ìnísà.”

“Ìwọ arúgbó yìí! O ò tíì kú?”

“Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi délé ayé. Ẹ kọ́kọ́ lọ ná, màá máa bọ̀ lẹ́yìn.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìkíni parí, Ìyá Àgbà béèrè bóyá wọ́n rántí àwọn ìbejì tó lọ sógun. Ìyá Òkukù dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

“Àwọn wo? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀.”

Ibẹ̀ ni ìrètí mi ti kọ́kọ́ já wálẹ̀. Ìyá Òkukù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní ìkejì rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí àwọn. Èyí tó kù wá sí Òkukù pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kó tó lọ, torí ibẹ̀ ló ti máa wọ rélùwéè. Ayafọ́tò kan wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin nígbà náà. Àwọn tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀, torí ọmọdé fẹ́ràn ìran.

Ìyá àwọn ìbejì ní kí ayafọ́tò ṣe é ní méjì, kí ọmọ náà wà níhìn-ín, kí ìkejì rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ayafọ́tò bi wọ́n léèrè bóyá òkú náà máa ń wọ káàkì. Ìyá yẹn ní yóò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ló jọ wá sáyé. Tí ọ̀kan bá lọ sí irú ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ láìmú ìkejì dání, ìkejì á bínú, á sì pè é lọ sọ́run. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n lè jọ bọ̀.

Ìyá Òkukù ní, “Nígbà tí wọ́n gba fọ́tò náà, wọ́n gbé e mọ́ àyà. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn méjèèjì ti múra tán.”

Mo wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, mo béèrè ìbéèrè tó gbé wa wá: kí ni orúkọ èyí tó lọ sógun?

Ìyá Òkukù rò ó títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀jìrẹ́ ni mo ń pè wọ́n. Ọmọ kékeré ni mí. Ta ló máa jẹ́ kí n pe orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí?”

Ṣé ẹ rí nǹkan! Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù láyé, ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó mọ orúkọ!

Àǹkú Gbàdé kò lè mú un mọ́ra. Wọ́n ní, “Màmá, ṣé kì í ṣe Kẹ́hìndé ni? Ẹ rántí dáadáa. Kẹ́hìndé ni, àbí?”

“Tó bá wù ọ́ kó jẹ́ Kẹ́hìndé, pè é ní Kẹ́hìndé. Èmi kò gbọ́ ọ.”

Mo di apá ẹ̀wù Àǹkú mú pé ó tó. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu, kí ló tún kù tí a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ bá mi wò ó. A ti mú ọ̀rọ̀ burú sí i. Kó tó di pé a dé Òkukù, a lè ní kò dá wa lójú pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Ní báyìí, ó ti dájú. Kò sì sí ohun tó fi hàn pé Kẹ́hìndé ni ẹni náà. Nínú ọkọ̀, Àǹkú Gbàdé ní ká kàn sọ ní Ìnísà pé Ìyá Òkukù ní Kẹ́hìndé ni. Ta ló máa wá bi wọ́n?

Ìyá Àgbà ní, “Dákẹ́, Gbàdé. Mi ò ní fi irọ́ gba bàbá mi.”

Ìyá Àgbà di báàgì wọn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ronú pé ó kù ẹnì kan tí a kò tíì gbé yẹ̀ wò: ìyá àwọn ìbejì fúnra rẹ̀. Òun ló tọ́ Ìyá Àgbà dàgbà ní Ìnísà nígbà tí ìyá wọn fẹ́ ọkọ mìíràn. Mo wá béèrè bí ìyá náà ṣe ń ṣe lẹ́yìn ogun. Ṣé wọ́n ṣọ̀fọ̀ sójà náà?

Ìyá Àgbà ní rárá o. Ìyá náà kò gbà láé pé ó kú. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé. Tí ọmọdé bá béèrè ẹni tó ni ín, wọ́n á ní “Ẹni-tó-ń-bọ̀” ni. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀.

Mo ní, “Báwo wá ni orúkọ Táyé ṣe ń jáde lẹ́nu wọn?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Òkukù, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀wà ni! Tí wọ́n bá ti se ẹ̀wà, wọ́n á bọ́ sí àgbàlá, wọ́n á máa pariwo pé ká wá jẹ ẹ̀wà Táyé. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń sáré wá.”

Mo tún un rò. Mo wá rọra béèrè: ṣé wọ́n se ẹ̀wà fún Ẹni-tó-ń-bọ̀ rí?

“Kí ni wọ́n máa se é fún? Ṣebí ó ń bọ̀ ni.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Àǹkú Gbàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ wa ọkọ̀ kúrò lójú títì.

Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún wọn. Mo ní, Ìyá, ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ẹ̀yin gan-an sì ni yóò ṣe láǹfààní. Tí ẹ bá rò ó fún wọn, wọ́n á ní ojú ọ̀nà lẹ ti hun ún. Ẹ má sọ ìtàn kankan. Bàbá Alàgbà náà wà nínú àwọn ọmọ ilé yẹn nígbà náà. Ẹ bi wọ́n.

Pálọ̀ kún nígbà tí a dé Ìnísà. Òkúta náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Mo ká etí ọ̀rá náà sókè bí a ṣe ń wọlé. Wọ́n ti gbẹ́ “TÁYÉWÒ” síbẹ̀ tán. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Bàbá Alàgbà gbàdúrà, wọ́n sì sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ìkórìíra. Wọ́n ní ojú kan ni Ọlọ́run fi ń wo òótọ́. Táyé ni àwọn ń gbọ́, àwọn kò sì gbọ́ Kẹ́hìndé. Aǹtí Yẹ́misí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ ròyìn Òkukù bó ṣe rí gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo ló lọ sógun. Ìyá Òkukù kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Ó ti tán nìyẹn.”

Ìyá Àgbà yíjú sí Bàbá Alàgbà. Láti ìgbà tí a ti wọlé, “Alàgbà” àti “ẹ” ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Lójijì ni wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nígbà ọmọdé.

“Sámù, ìgbà wo lo máa ń gbọ́ Táyé lẹ́nu wọn?”

“Ìgbà gbogbo ni.”

“Mo ní ìgbà wo.”

“Tí wọ́n bá ń pè wá.”

“Wọ́n ń pè yín wá ṣe kí ni?”

Bàbá Alàgbà wo ilẹ̀. “Wá jẹ ẹ̀wà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rín. “Ẹ̀wà ta ni?”

“Ẹ̀wà Táyé.”

“Ta ló gbá ọ létí lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde, tó o fi sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú?”

Ọwọ́ Bàbá Alàgbà ṣàdédé lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun! “Ìyá ni. Wọ́n ní kí ló gbé mi dé orí àpótí Ẹni-tó-ń-bọ̀.”

Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan mọ́. Èmi náà di eyín mi pọ̀. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Aǹtí Yẹ́misí!

“Ta wá ni Ẹni-tó-ń-bọ̀, Bàbá?”

“Ẹni tó lọ sógun ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Aǹtí Yẹ́misí gbé fóònù wọn kalẹ̀. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n ń pín ẹ̀wà Táyé, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti kú. Wọ́n ń tọ́jú àpótí fún ìkejì, torí wọn kò gbà pé ó kú. Ìyẹn ni pé Táyé kọ́ ni sójà.” Wọ́n wo Ìyá Àgbà. “Kẹ́hìndé ni.”

Bàbá Alàgbà ṣí fìlà. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́.”

“Dìde, Sámù. Tó o bá délẹ̀ tán, ta ló máa gbé ọ dìde?”

Ìgbà yẹn ni gbogbo ilé tó mí! Aǹtí Yẹ́misí kúnlẹ̀ ní tiwọn, wọ́n di ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà mú, wọn kò tètè dìde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ níbẹ̀, n kò gbọ́ ọ, n kò sì béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dá mi lójú àti èyí tí kò dá mi lójú, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa ń se ẹ̀wà fún ìbejì tó wà láàyè pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ni ìyá yìí ń pè sí i, Bàbá Alàgbà tó bá wọn jẹ ẹ́, tí wọn kò fẹ́ gba tiwa, ló sì jẹ́rìí sí i. Ìyẹn tó fún mi. Ní ti àwọn tó ń ka oṣù, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn mọ̀ pé ìyá tó ń tọ́jú àpótí ọmọ rẹ̀ ló gba Ìyá Àgbà sọ́dọ̀, ó sì tọ́ wọn títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ. Òun ló mọ ọmọ rẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀rọ̀ òkúta ló ṣẹ́ kù. Oníṣẹ́ ní “TÁYÉWÒ” kò ṣeé pa rẹ́. Àwọn kan ní ká ra òmíràn. Ìyá Àgbà kọ̀. Wọ́n ní ìyá àwọn ìbejì ló ní kí wọ́n jọ lọ, ta ni àwọn tí àwọn á fi yọ ọ̀kan kúrò? Èmi náà ní n kò lòdì sí i, bí a kò bá ṣáà ti pe ọmọ ọwọ́ ní sójà. Ohun tó wà lára rẹ̀ nìyí: “TÁYÉWÒ, ÌKEJÌ KẸ́HÌNDÉ. KẸ́HÌNDÉ, TÓ LỌ SÍ OGUN BỌ́MÀ.”

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, Bàbá Alàgbà ka orúkọ náà sókè, wọ́n sì ní kí ọmọ Kẹ́hìndé bọ́ síwájú. Ìyá Àgbà jáde láàárín èrò. Mo rò pé wọ́n máa sunkún tàbí kí wọ́n gbàdúrà. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọbìnrin ṣe ń kí bàbá rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan òkúta náà, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

Ohun tí mo rí kọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni màá sọ. Èkíní, tí ẹ bá rí nǹkan kan nínú ẹrù àwọn tó ti lọ tí kò bá ìtàn ilé yín mu, ẹ má ṣe gbé e síta kí ẹ tó béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo rò pé irọ́ ni mo rí nínú fọ́tò yẹn. Ìyá kan ló ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ìkejì, ẹ lọ bá àwọn arúgbó yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má kàn béèrè ogun nìkan o! Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ń jókòó sí, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbá wọn létí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wọṣẹ́ sójà nínú ẹbí yín tí kò dé, tàbí tó dé tí kò sọ nǹkan kan? Kí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ nínú ilé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ dìde báyìí, ẹ lọ béèrè kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó lọ.